Bàtà Tí Ìyá Àdúrà Kò Wọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ́kọ́ ṣí ojú ìwé yìí kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ fara balẹ̀. Kò sí ọkọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ aya nínú ìtàn tọ̀tẹ̀ yìí, kò sì sí ẹni tó bu májèlé sọ́bẹ̀. Àwòrán lásán ni, àwòrán ìyá àgbàlagbà kan tó ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí Monílọ́lá sọ ọ́ tán fún mi, tó ní kí n kọ ọ́ síbí kí ọmọ ẹlòmíràn lè rí i kà, mo gbé omi tí wọ́n bù fún mi sílẹ̀, mo mú bírò.

Ọlọ́runtóyìn lorúkọ ìyá náà, ará Ajue ni, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orúkọ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, nítorí Ìyá Àdúrà ni tọmọdé tàgbà ń pè é nílé àdúrà tí wọ́n ti fi òróró yàn án. Ẹ̀gbọ́n bàbá Monílọ́lá ni. Òun ló gba Monílọ́lá tọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, nítorí náà Màmá ni Monílọ́lá ń pè é, kò sì mọ màmá mìíràn.

Epo pupa ni Màmá ń ṣe. Ọ̀pẹ tirẹ̀ ni, ẹbu tí wọ́n ti ń se ẹyìn tí wọ́n sì ń fún epo, tirẹ̀ ni. Nígbà tí Monílọ́lá kúrò ní Ajue lọ máa gbé ní Ore, epo Màmá ló fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Ó ń rọ ọ́ sínú ìgò àti kẹ́ẹ̀gì, ó ń fi í sínú àwọn mọ́tò tó ń kọjá ní oríta, wọ́n ń bá a gbé e dé Èkó àti Ìbàdàn. Ó ṣí péèjì kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó pè é ní Epo Màmá Ajue.

Epo dára. Fótò ni kò dára.

Ẹni tó bá fẹ́ ya Màmá ní fótò, ó ní láti gun ọ̀kadà gba ọ̀nà oko, kí ó máa bẹ Ọlọ́run kí òjò má rọ̀. Bó bá débẹ̀ tán, Màmá kò ní dúró. Yóò ní ẹyìn wà lórí iná. Yóò ní oòrùn ń pa òun. Yóò wo fóònù náà tìfura-tìfura, á wá bú sẹ́rìn-ín.

"Ọma mi," á wí ní ohùn Ìkálẹ̀ rẹ̀, "ṣé fótò yìí lo máa fi se ọbẹ̀ ni?"

Fótò kan á dúdú, òmíràn á mọ́lẹ̀ jù. Lónìí gèlè búlúù, lọ́la orí lásán. Bẹ́ẹ̀ ni Monílọ́lá ń gbé wọn sórí péèjì, àwọn èèyàn ń fò wọ́n kọjá.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Oyin ló là á lójú, tàbí kí n sọ pé òun ló fọ́ ọ lójú. Ọmọ Odigbo ni Oyin, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ní Ore, níbi tó ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe pósítà fún ṣọ́ọ̀ṣì àti fún àwọn olóṣèlú. Ó gba fóònù Monílọ́lá lọ́jọ́ kan, ó wo péèjì náà látòkè délẹ̀, ó pòṣé.

"Péèjì rẹ dà bíi bẹ́ẹ̀lì òkírìkà," ni Oyin wí. "Gbogbo rẹ̀ ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó rí ọ lónìí kò ní dá ọ mọ̀ lọ́la."

"Kí wá ni kí n ṣe?"

"Kó gbogbo fótò Màmá tó o ní wá. A ó kó wọn fún AI, ẹ̀rọ tó ń dá àwòrán yà lórí kọ̀ǹpútà. Ojú kan náà, gèlè ìyeyè kan náà, àwọ̀ epo kan náà, lójoojúmọ́. Màmá ò ní dìde lórí àpótí rẹ̀ tá a fi máa ní fótò ọdún kan nílẹ̀."

Monílọ́lá gba fóònù rẹ̀ padà. "Ṣé ìyẹn ò ní jẹ́ irọ́?"

"Ojú Màmá kọ́ ni? Epo Màmá kọ́ ni? Níbo nirọ́ wà níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ohun tó bá ti ń wù wá tẹ́lẹ̀ kì í le láti gbà gbọ́. Mo bi Monílọ́lá léèrè ìdí tí kò fi lọ bá Màmá ní Ajue kó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fi bọpo bọyọ̀. Ó ní òun kò bèèrè nítorí òun mọ̀ pé Màmá máa ní rárá.

Nígbà tí àwòrán àkọ́kọ́ jáde lójú kọ̀ǹpútà, Monílọ́lá pariwo. Màmá ni, Màmá gan-an, lábẹ́ ọ̀pẹ, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń ta sí i léjìká. Gèlè ìyeyè rẹ̀ mọ́ roro. Igbá epo wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò sí ohun tó ń dùn ún láyé. Àpá kékeré tí imọ̀ ọ̀pẹ dá sí i lókè ojú, ẹ̀rọ náà kò gbàgbé rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Monílọ́lá fi mọ̀ ọ́n ṣe fúnra rẹ̀. Ó kàn máa tẹ ohun tó fẹ́ sórí fóònù, ẹ̀rọ á gbé e wá. Màmá ń sẹ́ epo. Màmá ń kí àwọn oníbàárà. Màmá ń bu epo sórí iṣu sísun. Ó tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń to àwòrán púpọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n á sọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jáde fún péèjì náà, tí á sì máa jáde fúnra rẹ̀ nígbà tí olówò wà lójú oorun tàbí lójú ọ̀nà.

Ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Àwọn èèyàn tí kò rí Ajue rí ń kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé, "Màmá, ẹ ṣeun o, ẹ ó pẹ́ fún wa." Ẹnìkan wá béèrè pé, "Ṣé èèyàn gidi nìyí àbí ti kọ̀ǹpútà?"

Ìbéèrè kékeré, ìdáhùn kékeré ló yẹ ẹ́. Àwọn ìka Monílọ́lá ti tẹ̀ ẹ́ kí ọkàn rẹ̀ tó bá wọn dé ibẹ̀: "Èèyàn gidi ni o. Ìyá tó tọ́ mi ni. Ọwọ́ mi ni mo fi ya gbogbo rẹ̀."

Ìdáhùn yẹn ni Olúwabùsọ́lá rí. Obìnrin Èkó tó ní àwọn ilé ìtajà ńlá ni. Ó pe Monílọ́lá lórí fóònù.

"Ohun tó fà mí mọ́ yín nìyẹn," ni Olúwabùsọ́lá wí. "Ojú ayédèrú ti sú mi. Ìyá gidi ni mo fẹ́ lára ìgò nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Mò ń bọ̀ wá bá yín fọwọ́ sí ìwé."

Monílọ́lá dúpẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹ wò ó, ibi tó ti yẹ kó sọ òtítọ́ nìyẹn, ibi tó ti rọrùn jù lọ. Kò sọ ọ́.

Ọdún Àjíǹde dé. Monílọ́lá fẹ́ kí Màmá kí àwọn oníbàárà kú ọdún. Ó ní kí ẹ̀rọ náà wọ sùtánà funfun fún Màmá, kí ó fi àmùrè ìyeyè dì í níbàdí, kí Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà pẹ̀lú ìgò epo lọ́wọ́.

Ó yẹ kí n dúró níbí nítorí àwọn òǹkàwé tí kò bá aládùúrà gbé rí. Nílé àdúrà irú èyí, ẹni tó bá ti gbé sùtánà wọ̀, kò gbọdọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Bó jẹ́ ẹrọ̀fọ̀, bó jẹ́ ọ̀dà tí oòrùn ti sè, ẹsẹ̀ lásán ni láti ilé dé ìsìn, nítorí wọ́n ní ilẹ̀ mímọ́ ni aṣọ yẹn ń gbé èèyàn dúró lé. Ọmọ tí wọ́n ń fi biskíìtì tàn lọ sí kíláàsì Bíbélì mọ̀ ọ́n. Monílọ́lá náà mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbóná lójú ọ̀nà Ajue lọ́pọ̀ ìgbà kó tó di pé ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì etí títì kan ní Ore, níbi tí wọ́n ti ń wọ bàtà.

Ẹ̀rọ ni kò mọ̀. Ó fi sálúbàtà aláwọ̀ tuntun sí Màmá lẹ́sẹ̀, ó dè é dáadáa.

Monílọ́lá sì wo àwòrán náà kó tó gbé e jáde, ìyẹn ló burú jù. Ó wo ohun tí Oyin kọ́ ọ pé kó máa wò. Ojú ṣé ọ̀kan náà ni? Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyeyè ńkọ́? Ó wà. Àwọ̀ epo? Ó pé. Kò wo ẹsẹ̀.

Ó ń dín ẹyin lọ́wọ́ nígbà tí ìpè wọlé. Ìdáraolúwa ni, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ilé àdúrà Ajue.

"Monílọ́lá, kí ni mo rí lẹ́sẹ̀ Ìyá Àdúrà yìí?"

"Lẹ́sẹ̀ wọn? Kí ló ṣe ẹsẹ̀ wọn?"

"Lọ wo péèjì rẹ."

Ó lọ wò ó. Ó rí sálúbàtà. Ó pa àwòrán náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ẹyin ti balẹ̀. Wọ́n ti fi í ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù àwọn ìyá ìjọ, láti ibẹ̀ ó ti dé ọwọ́ àwọn àgbà. Kó tó ṣan ọwọ́ tán, iṣẹ́ ti dé pé Bàbá Àpọ́sítélì Akínwọlé, olórí ilé àdúrà náà, fẹ́ rí òun àti Màmá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi.

Ó sáré lọ bá Oyin ní gáréèjì.

"Sọ fún wọn pé AI ni," ni Oyin wí. "Ó parí."

"Kí ló parí níbẹ̀? Mo ti kọ ọ́ fún gbogbo ayé pé ọwọ́ mi ni mo fi ya gbogbo rẹ̀. Obìnrin Èkó yẹn ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ó bá gbọ́, ó tán nìyẹn."

"Bí wọ́n bá fìyà jẹ Màmá ńkọ́?"

"Àwọn àgbà fẹ́ràn Màmá. Sáàmù ni wọ́n máa ní kí wọ́n lọ kà."

Oyin wò ó. "Ìwọ lo mọ ilé yín," ló wí, ó sì yíjú padà sí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, Màmá kúnlẹ̀ lórí ẹní níwájú àwọn àgbà, nínú sùtánà rẹ̀, ẹrẹ̀ òjò àárọ̀ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kò mọ ohun tí wọ́n pè é fún. Ó rò pé wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ ìkórè fún òun ni.

Bàbá Àpọ́sítélì kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó sì rọra sọ̀rọ̀. "Ìyá wa, ẹ dákun, ta nìyí?" Ó na fóònù sí i.

Màmá fi ojú súnmọ́ ọn. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ah, èmi nìyí. Ẹnu ọ̀nà ibí náà nìyí." Ojú rẹ̀ wá dé ẹsẹ̀. "Bàtà ta nìyí?"

"Ẹ̀yin la fẹ́ bi, Màmá."

"Mi ò ní irú bàtà yìí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yàn mí, bàtà kò kan ẹsẹ̀ mi nínú aṣọ yìí."

"Ṣé ẹsẹ̀ yín kọ́ ni?"

"Ó jọ ẹsẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n mi ò wọ̀ ọ́." Màmá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. "Mo fi Ọlọ́run tí mò ń sìn búra. Bí mo bá purọ́, kí ó má gbọ́ àdúrà mi mọ́."

Ìkùnsínú gba inú ilé kan. Adéyẹyè, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọkùnrin, mi orí. "Ènìyàn lè purọ́," ló wí. "Fótò kì í purọ́."

Bàbá Àpọ́sítélì kọjú sí Monílọ́lá. "Ìwọ ọmọ wọn, ìwọ lo ya fótò yìí?"

Gbogbo ojú yí sí i. Màmá náà yíjú sí i, kò sì sí ẹ̀rù kankan nínú ojú rẹ̀. Ó ń wò ó bí ẹni tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ dìde.

"Èmi ni, sà."

"Ṣé wọ́n wọ bàtà lọ́jọ́ náà?"

Monílọ́lá sọ fún mi pé òun gbọ́ ohùn ara òun bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn òun. "Ó lè jẹ́ pé wọ́n gbàgbé ni, sà. Àgbà ti dé sí wọn. Wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan."

"Mo gbàgbé?" ni Màmá wí.

"Ẹ ti wọ̀ ọ́ kí n tó dé, Màmá. Mo rò pé ẹ mọ̀ ni."

"Ọma mi, ọjọ́ wo nìyẹn?"

"Ọjọ́ tí mo wá kẹ́yìn."

Màmá ronú. Gbogbo wọn rí i bó ṣe ń wá ọjọ́ náà kiri nínú ara rẹ̀, tí kò rí i. Ọwọ́ tó nà sókè láti búra bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì fi í bo ẹnu.

"Mo ti búra," ló wí. "Yéè. Mo ti fi Ọlọ́run búra irọ́."

Tí bàtà nìkan ni, wọ́n ì bá fi sáàmù parí rẹ̀ lóòótọ́. Ìbúra ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Wọ́n ní kí Màmá bọ́ sùtánà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó máa jókòó sórí bẹ́ńṣì tó wà níta lábẹ́ fèrèsé, kí ó máa gbàdúrà ìronúpìwàdà. Ìdáraolúwa ló fi ìró bò ó nígbà tó bọ́ ọ. Monílọ́lá ń wo ilẹ̀.

Ẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, mo mọ̀. Ẹ dúró, kò tíì tán.

Olúwabùsọ́lá dé Ore ní ọjọ́ tó dá, ó fọwọ́ sí ìwé, ó tọ́ epo wò, ó ní ó dùn. Wọ́n tẹ ojú Màmá mọ́ ara ìgò. Gbogbo ìgò tó lọ sí Èkó ló ń rẹ́rìn-ín.

Ní Ajue, ẹni tó ni ojú kò rẹ́rìn-ín mọ́. Monílọ́lá mú mílíìkì àti ẹja lọ kí i, ó bá a níbi tó ti tú gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ láàárín yàrá.

"Kí lẹ ń wá, Màmá?"

"Bàtà náà ni. Mi ò rí i. Ó ní láti jẹ́ pé mo ti fi tọrẹ, tí mo sì tún gbàgbé ìyẹn."

"Màmá, ẹ fi bàtà sílẹ̀."

"Kí ni mo tún ti ṣe tí mi ò mọ̀, ọma mi? Ìwọ tí o máa ń wá, sọ fún mi. Mi ò ní bínú."

Monílọ́lá ní ọ̀rọ̀ náà dé òun létè. Ó ní òun ti la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé, "Ẹ jẹun, Màmá."

Màmá kò gbẹ́kẹ̀ lé ara rẹ̀ mọ́. Ó ń padà láti ọ̀nà odò lọ wò bóyá òun ti ilẹ̀kùn. Ó ń bèèrè lọ́wọ́ aládùúgbò bóyá òun ti fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ó dẹ́kun àtilọ sí ẹbu, ó ní kí òun má lọ gbàgbé iná kó jó ọmọ ọlọ́mọ. Obìnrin tó ti ń se ẹyìn láti ìgbà ọmọge rẹ̀! Àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe epo náà báyìí, ojú Màmá lára ìgò sì ń tà á.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ààwẹ̀ gbígbẹ, tí kò sí omi níbẹ̀, fún ẹni ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ní kó jẹun, á ní ṣé òun ò tíì jẹ ni, òun rò pé òun ti jẹ.

Ọ̀sán kan ló ṣubú lórí bẹ́ńṣì níta ilé àdúrà. Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní. Wọ́n ń bu omi sí i lẹ́nu pẹ̀lú ṣíbí, àwọn obìnrin yí i ká, wọ́n ń kọrin àánú. Wọ́n ti lọ wá ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí ọsibítù ní Ore. Monílọ́lá gbọ́, ó fi ọ̀kadà sáré dé Ajue, kò tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Péèjì kò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá.

Péèjì ò gbàgbé ọjọ́ tí ó ti dá fún un.

Fóònù Ìdáraolúwa ké nínú orin náà. Ó yọ ọ́ kó lè pa á, ojú rẹ̀ bá àwòrán tuntun lórí péèjì Monílọ́lá. Ó wo fóònù. Ó wo ẹní. Ó tún wo fóònù.

"Ẹ dákẹ́ ná," ló wí.

Orin dúró. Ó ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè. "Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀yin ọmọ Màmá. Màmá wà ní ẹbu lónìí yìí, wọ́n ń fún epo tútù fún yín. Ẹ wo ojú wọn!"

Ó na fóònù sí Bàbá Àpọ́sítélì. Màmá ló dúró níbẹ̀ pẹ̀lú gèlè ìyeyè, apá rẹ̀ le, eyín rẹ̀ ń tàn. Màmá kan náà ló wà nílẹ̀ tí ètè rẹ̀ ti bó.

"Monílọ́lá," ni Bàbá Àpọ́sítélì wí, "ta ló wà ní ẹbu lónìí?"

Monílọ́lá gba ṣíbí, ó ń bu omi sí Màmá lẹ́nu.

Bàbá Àpọ́sítélì fi ìka fa àwòrán náà lọ sókè, ó fa òmíràn, ó fa òmíràn. Ẹ̀rín kan náà, títẹ orí kan náà, oòrùn kan náà ní èjìká kan náà. "Ta ló ya ìwọ̀nyí? Ìgbà wo ni wọ́n yà wọ́n?"

Monílọ́lá wólẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò yà wọ́n, sà. Ẹ̀rọ ló ṣe wọ́n. Èmi ni mo ní kí ó máa ṣe wọ́n."

"Tòun ti bàtà?"

"Tòun ti bàtà, sà."

Adéyẹyè tó ní fótò kì í purọ́ dìde, ó jáde síta, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń sunkún lẹ́yìn ilé.

"O jókòó síbí yìí," ni Bàbá Àpọ́sítélì wí. Kò pariwo, ì bá sàn ká ní ó pariwo. "O gbọ́ tí wọ́n búra òtítọ́. O jẹ́ kí wọ́n rò pé irọ́ ni àwọn búra. O jókòó, o ń wò wá, a bọ́ aṣọ lára wọn."

"Ọmọ tí wọ́n tọ́!" ni obìnrin kan ké. "Tí wọ́n fi epo tọ́!"

Wọn ò lù ú. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n lu òun.

Ìròyìn kì í pẹ́ dé Èkó. Olúwabùsọ́lá dá gbogbo ìgò padà, ó kọ ohun tó kọ sórí péèjì, àwọn oníbàárà sì kọ tiwọn tẹ̀ lé e. Òwò náà kú. Èmi tí mò ń kọ èyí kò ní sunkún nítorí òwò, bẹ́ẹ̀ ni Monílọ́lá kò sunkún nítorí rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòtítọ́ ń bá a. A máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé nígbà tó bá ti bá a, ọ̀ràn tán. Ẹ gbọ́ bí ọ̀ràn kì í ṣe é tán.

Màmá kò kú. Àwọn dókítà fa omi sí i lára, ó padà sí Ajue, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ẹ̀kọ. Nígbà tó lè jókòó dáadáa, àwọn àgbà ìjọ wá sílé rẹ̀. Ìdáraolúwa ti fọ sùtánà náà, ó ti lọ̀ ọ́, ó gbé e sórí ọwọ́ méjèèjì. Bàbá Àpọ́sítélì dọ̀bálẹ̀. Adéyẹyè dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá wa, a ṣẹ̀ yín. Ẹ dárí jì wá. Ẹ kò wọ bàtà kankan."

Wọ́n ní kí Monílọ́lá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ Màmá, ó sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti Oyin. Ó mú fóònù jáde, ó fi hàn án bí wọ́n ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ tí àwòrán ń jáde. Ó ní, "Màmá, irọ́ ni mo pa. Ẹ ò gbàgbé ohunkóhun. Orí yín pé. Èmi ni mo ṣe é."

Màmá gbọ́ ọ tán. Ó wo fóònù náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ gba orí Monílọ́lá mọ́ra.

"Ọma mi," ló wí, "má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Màmá?"

"Mo ti rántí bàtà náà. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo wọ̀ ọ́. Mo rántí bó ṣe rí lẹ́sẹ̀ mi."

"Màmá, kò ṣẹlẹ̀! Kò sí bàtà níbì kankan! Ẹ wò ó, ẹ̀rọ ni!"

Màmá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ó yíjú sí àwọn àgbà tó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ rí irú ọmọ tí Ọlọ́run fún mi? Ó fẹ́ gba ẹ̀ṣẹ̀ mi rù. Ẹ dìde, ẹ gbé aṣọ yín lọ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí máa purọ́ nítorí mi."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Wọ́n tún padà lọ bẹ̀ ẹ́. Kò gbà.

Monílọ́lá ti kúrò ní Ore, Ajue ló ń gbé báyìí. Lọ́jọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, Màmá á wọ àǹkárá, á jókòó sórí bẹ́ńṣì níta, Monílọ́lá á jókòó tì í. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ó ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ó ń fi oríṣiríṣi ọ̀nà sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Màmá á gbọ́ ọ tán, á gbé ọwọ́ lé e lórí, á sì gbàdúrà sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà nínú ilé ń gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé.

"Ọlọ́run, bùkún ọmọ tí kò jẹ́ kí ojú tì mí."

Monílọ́lá á sì ṣe Àmín.